Igi Kan Náà, Èso Rẹ̀ Kò Dọ́gba

Olùkọ́ yín ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó ń mú kí ìlú kan lówó, kí ọmọ ibẹ̀ sì rí ilé ìwé lọ, tí ìlú mìíràn yóò ṣiṣẹ́ títí tí kò ní rí nǹkan kan fi hàn. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Bí a bá ní kí a sọ ọ́ tán, ilẹ̀ yóò mọ́ bá wa níbí. Nítorí náà igi kan ṣoṣo ni n ó fi sọ ọ́. Igi náà ni kòkó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní nǹkan. Bí a bá mú kóró kòkó kan náà, tí a gbìn ín sí ibi méjì tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì lọ́ràá, ṣé àwọn ènìyàn ibi méjèèjì yóò jèrè rẹ̀ bákan náà? Ẹlòmíràn yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, kí ló tún kù?" Ẹ fara balẹ̀ ná.

Erékùṣù kan wà nínú òkun, ní apá gúúsù wa, tí à ń pè ní São Tomé. Àwọn Potogí ni ó ń ṣe ìjọba ibẹ̀ nígbà kan. Kòkó fẹ́ràn ilẹ̀ náà púpọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1900 sí 1910, São Tomé wà lára àwọn ilẹ̀ tí ó ń ta kòkó jù ní gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni oko? Òyìnbó ni. Oko kan lè tóbi ju ìlú lọ, kí ó ní ilé ìwòsàn tirẹ̀ àti ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀. Ta sì ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n kó wá láti Angola ni. Òfin Potogí ti fòpin sí òwò ẹrú àti ẹrú níní ṣáájú ìgbà náà, nítorí náà wọn kì í pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ẹrú mọ́. Wọ́n ń pè wọ́n ní òṣìṣẹ́ tí ó ní àdéhùn. Wọ́n kọ àdéhùn náà sínú ìwé pé lẹ́yìn ọdún díẹ̀ kí oníkálukú máa lọ sílé. Àwọn tí ó padà sílé kò tó nǹkan. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ ìwé, wọn kò sì lè ka ohun tí a fi dè wọ́n. Ariwo ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ní ìlú Òyìnbó tó bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ Cadbury àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ń ṣe ṣokoléètì fi kọ̀ láti ra kòkó São Tomé mọ́ ní 1909.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Kòkó kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. J.P.L. Davies, oníṣòwò ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Èkó, mú irúgbìn rẹ̀ láti Fernando Po ní nǹkan bí 1880, ó sì gbìn ín sí oko rẹ̀ lẹ́bàá Agége. (Òwò ti kọ́kọ́ fọ́ mọ́ bàbá yìí lọ́wọ́ kí ó tó di àgbẹ̀. Ẹni tí gbèsè bá lé wọ igbó, kò burú bí ó bá bá kòkó pàdé níbẹ̀.) Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn J.K. Coker àti àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ gba ilẹ̀ ní Agége. Ní 1907 wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀. Lébìrà ń wá bá wọn ṣiṣẹ́ láti òkè, láti Ìbàdàn, láti Ìjẹ̀ṣà, láti Òǹdó àti Èkìtì. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí bá ń padà sílé, wọn kì í gba owó nìkan. Wọ́n ń di kóró kòkó sínú àpò.

Ẹ rántí pé ìgbà náà ni ogun Kírìjì ń tán lọ. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, àwọn jagunjagun kò sì tú ká tán títí di 1893. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí kò mọ̀ ju ìbọn lọ ni ó wá ń wá iṣẹ́. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901. Kòkó bọ́ sí àkókò gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ìjọba tí ó na ẹnikẹ́ni ní pàṣán kí ó tó gbìn ín. Àgbẹ̀ ni ó lọ wá a, àgbẹ̀ ni ó gbé e wálé.

Kí ló jẹ́ kí tálákà ilẹ̀ wa lè ṣe ohun tí tálákà São Tomé kò lè ṣe? Ọgbọ́n wa kò ju tiwọn lọ. Àṣà tí a bá nílẹ̀ ni.

Ilẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ sọ. Ẹ mọ̀ pé láyé àtijọ́, ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ti ẹbí ni. Àwọn tí ó ti kú ni ó ni ín, àwa tí a wà láàyè ni ó ni ín, àwọn tí a kò tíì bí náà ni ó ni ín. Bí àlejò bá fẹ́ dáko, á mú obì lọ bá baálẹ̀ tàbí olórí ẹbí, wọn á fi igbó hàn án, á sì máa mú nǹkan díẹ̀ wá lọ́dọọdún láti fi jẹ́wọ́ pé kì í ṣe òun ni ó nilẹ̀. Èyí ni à ń pè ní ìṣákọ́lẹ̀. Iṣu mélòó kan ni, tàbí epo, tàbí itan ẹran ìgbẹ́.

Òfin mìíràn wà lẹ́yìn èyí tí kò sí nínú ìwé kankan: ẹni tí ó gbin igi ni ó ni igi. Ilẹ̀ lè jẹ́ ti Lágbájá kí igi orí rẹ̀ jẹ́ ti Támẹ̀dò. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni èyí o. Kòkó ayé ìgbà náà kì í so dáadáa kí ó tó pé ọdún márùn-ún sí méje, bí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ó lè so fún ogójì ọdún. Ta ni yóò ṣán igbó, tí yóò gbin igi, tí yóò ro oko fún ọdún mẹ́fà láìjẹ èrè, bí ó bá mọ̀ pé onílẹ̀ lè lé òun jáde ní ọdún keje? Kò sí. Àṣà wa fi àgbẹ̀ lọ́kàn balẹ̀. Láàárín ọdún tí ó fi ń dúró, ó gbin iṣu, ó gbin àgbàdo, ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò tí yóò ṣíji bo kòkó kékeré náà. Ìyàwó rẹ̀ ń ru ẹrù wọn lọ sọ́jà. Ká má purọ́, ẹ̀yin ìyá ni ẹ bọ́ ọ̀pọ̀ kòkó dàgbà, ó kàn jẹ́ pé orúkọ bàbá ni wọ́n ń pe oko.

Ṣùgbọ́n àṣà tí a ṣe fún iṣu lè má gba kòkó tán. Nígbà tí kòkó di owó ńlá, onílẹ̀ rí i pé itan ẹran kò tó mọ́. Wọ́n ní kòkó ni kí a fi san ìṣákọ́lẹ̀. Àlejò ní, "Bàbá bàbá mi ni ó ti ń dáko níbí, mo ti di onílé." Onílẹ̀ ní, "Bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, àlejò ni ọ́." Ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ wà lára ohun tí ó dá ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ sílẹ̀ léraléra, títí kan ti 1981 àti èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ṣòfò. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ní ti òṣìṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. A ní àáró, a ní ọ̀wẹ̀, èyí dára. Ṣùgbọ́n a tún ní ìwọ̀fà. Bí ọkùnrin kan bá yá owó láti fi sìnkú tàbí láti fi fẹ́ ìyàwó, á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé owó náà ni. Kò dín kọ́bọ̀ kúrò nínú owó. Bí ó bá sìn fún ogún ọdún, gbogbo owó náà wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kòkó ìgbà àkọ́kọ́, ọwọ́ ìwọ̀fà ni ó gbìn ín, àti ọwọ́ àwọn tí a kó lẹ́rú nígbà ogun. Lẹ́yìn náà ni kòkó fúnra rẹ̀ wá di owó tí ẹlòmíràn fi ra ara rẹ̀ padà. Ìjọba náà ṣòfin lòdì sí i. Ìwọ̀fà wá ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ó parẹ́ kẹ̀? Ẹ wo dógò ná. Àgbẹ̀ yá owó, ó fi oko kòkó rẹ̀ dógò. Olówó ń ká kòkó náà lọ́dọọdún. Ohun tí ó ń ká, èlé ni. Owó wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹ ríi bí? Ìwọ̀fà ti lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀wù rẹ̀ ni dógò wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà ṣe ń rí. Ìjọba lè fi òfin pa orúkọ rẹ̀, kí ìwà rẹ̀ wà láàyè lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ àgbẹ̀ kan fi ká ìwé tí ti èkejì kò fi kà, kí ó bèèrè oko ta ni ó wà ní dógò nígbà náà.

Ohun tí ó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ dógò ni èsúsú. Ẹ mọ èsúsú, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ń dá èsúsú ti mọ̀ pé a lè fọkàn tán ẹni tí kì í ṣe ẹbí ẹni, bí ìṣirò bá ti tọ́. Nígbà tí ìjọba ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní 1935, kò ṣòro fún àgbẹ̀ láti lóye rẹ̀. Èsúsú tí ó ní ìwé ni. Ní 1953 àwọn ẹgbẹ́ náà ti lágbára débi tí wọ́n fi ní báńkì tiwọn.

Wọ́n nílò agbára náà, nítorí àwọn oníṣòwò Òyìnbó kò sùn. Ní 1937 àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí ń ra kòkó pa ìmọ̀ pọ̀ pé àwọn kò ní máa du kòkó mọ́ra wọn lọ́wọ́, iye tí gbogbo wọn bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni wọn yóò máa san. Ní Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí, àwọn àgbẹ̀ kọ̀, wọ́n di kòkó wọn mú láti 1937 wọ 1938, wọn kò tà á. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ wá wádìí, ìgbìmọ̀ náà sì sọ pé ètò náà kò dára. Lẹ́yìn èyí ni ogun Hitler dé, ìjọba fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ra kòkó, títí ó fi di Bọ́ọ̀dù ní 1947.

Báwo ni Bọ́ọ̀dù ṣe ń ṣiṣẹ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àkókò kòkó, á kéde iye kan. Iye yẹn ni gbogbo àgbẹ̀ yóò gbà, ní ìletò àti ní ìlú ńlá. Bí ọjà ayé bá wọ́n ju iye náà lọ, Bọ́ọ̀dù á tọ́jú àjẹṣẹ́kù rẹ̀, kí ó lè fi ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní ọdún tí ọjà bá já. Ọgbọ́n dáadáa ni lójú ìwé. Nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn gba Bọ́ọ̀dù tirẹ̀ ní 1954, owó ńlá ni ó bá nínú àpótí.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí ọmọ máa kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti January 1955. Ní 1954 àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ìwé jẹ́ 456,600. Ní 1955 wọ́n di 811,432. Ẹ fojú inú wo ìyẹn: ọdún kan péré! Owó orí àti owó kòkó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́. Àwọn oníwàásù ti dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti nǹkan bí 1846, àwọn Mùsùlùmí náà sì dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923 kí ọmọ wọn má baà gbẹ́yìn. Ìyá tí ó rí ọmọ aládùúgbò tí ó di akọ̀wé kò nílò olópàá láti lé ọmọ tirẹ̀ lọ sí ilé ìwé. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ohun tí ìwé ń ṣe, kì í kún bẹ́ẹ̀.

Àwọn ohun mìíràn tún tẹ̀ lé e: ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn ní 1959, Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ tí wọ́n parí ní 1965. Ó dára láti máa fi wọ́n yangàn. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rí i: kò sí ẹni tí ó bi àgbẹ̀ léèrè. Owó rẹ̀ ni wọ́n tọ́jú fún ọjọ́ òjò, nígbà tí òjò sì dé, wọn kò rí agboorùn náà mú jáde. Ní nǹkan bí 1960 sókè, ọjà kòkó já, Bọ́ọ̀dù gé iye tí ó ń san. Owó orí kò já. Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ yíká Ìbàdàn dìde. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ ti sọ gbogbo rẹ̀: Àgbẹ̀kọ̀yà. Àwọn tí ó kú pọ̀ kí ìjọba tó dín owó orí kù. Ẹni tí ó ń gbé owó fún ni láìjẹ́ kí a rí ìwé ìṣirò, ọmọ wa ni o, Òyìnbó ni o, ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ yóò bẹ́.

Lẹ́yìn náà owó epo rọ̀bì dé, àwọn ọ̀dọ́ fi oko sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Ghana nìkan ni ó ń ṣe kòkó jù wá lọ ní gbogbo ayé. Ní 1986 ìjọba tú Bọ́ọ̀dù ká. Iye tí àgbẹ̀ ń gbà lọ sókè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń yẹ kòkó wò kò sí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọn kan sì ń ra kòkó tútù àti èyí tí kò pọ́n, orúkọ rere kòkó wa bàjẹ́ lọ́jà ayé fún ìgbà kan. Bọ́ọ̀dù burú, àìsí Bọ́ọ̀dù náà ní tirẹ̀.

São Tomé tí a fi sílẹ̀ ńkọ́? Ó gba òmìnira ní 1975. Àwọn Potogí sá lọ. Ìjọba tuntun gba gbogbo oko ńláńlá náà, ó ń fi ọ̀gá yan lé wọn lórí. Lébìrà ṣì jẹ́ lébìrà. Kòkó wọn lọ sílẹ̀ gidigidi, nítorí kò sí ẹni tí a kọ́ láti dá oko tirẹ̀, àyàfi láti gbọ́ agogo iṣẹ́. Ní àwọn ọdún 1990 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí pín ilẹ̀ fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀gá ti lọ, agogo rẹ̀ ń dún síbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó kan ilé oníkálukú yín, èyí ni ogún. Bàbá kú, ó fi oko kòkó éékà méjìlá sílẹ̀. Ó ní ìyàwó méjì. Ìyàwó kìíní bí ọmọ méjì, ìkejì bí ọmọ mẹ́rin. Bí a bá fi ìdí igi pín in, éékà mẹ́fà fún ìdí kọ̀ọ̀kan: ọmọ ìyàwó kìíní á gba éékà mẹ́ta mẹ́ta, ti ìkejì á gba ọ̀kan àtààbọ̀. Bí a bá fi orí ò jorí pín in, gbogbo wọn á gba éékà méjì méjì. Irú ẹjọ́ yìí dé ilé ẹjọ́ ní Èkó, lórí ogún ọkùnrin kan tí ó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án. Adájọ́ kìíní ní orí ò jorí ló bá ayé òde òní mu. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní 1958 ní rárá, ìdí igi ni àṣà Yorùbá, orí ò jorí wà fún ìgbà tí àríyànjiyàn bá bẹ́ tí olórí ẹbí sì rí i pé òun ni ó yẹ. Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ àgbà ní London, wọ́n fọwọ́ sí ti ìdí igi ní 1962.

Ọ̀pọ̀ ẹbí sì wà tí kò pín oko rárá. Wọ́n ní kí ó jẹ́ ti gbogbo wa. Gbogbo wa ń ká, kò sí ẹni tí ó ń tún un gbìn. Igi ti di arúgbó, kò so mọ́, ẹni tí ó bá sì fẹ́ gé e kí ó gbin tuntun, àbúrò rẹ̀ á ní ó fẹ́ fi ọgbọ́n gba oko bàbá àwọn. Àṣà tí ó fi bàbá lọ́kàn balẹ̀ láti gbin igi náà ni ó ń dá ọmọ dúró láti tún un gbìn. Ìwé ìhágún lè tú okùn yìí, bí bàbá bá kọ ọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ríran.

Ní 2023, àwọn ìlú Yúróòpù tí ń ra kòkó ṣe òfin kan pé àwọn kò ní gba kòkó tí a gbìn sí igbó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa lẹ́yìn ọdún 2020. Ẹni tí ó bá ń tà á fún wọn ní láti fi ibi tí oko náà wà gan-an hàn. Wọ́n ti sún ọjọ́ òfin náà síwájú, ṣùgbọ́n àwọn oníkòkó ti ń rán ènìyàn lọ sí oko láti fi fóònù wọn ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá dé oko yín, wọn yóò bèèrè orúkọ láti kọ. Ṣé ti onílẹ̀ ni, tàbí ti ẹni tí ó gbin igi? Ti olówó tí oko wà ní dógò lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ti ìyá tí ó ń ro ó láti ọgbọ̀n ọdún ńkọ́? Olùkọ́ yín ti pín ìwé kan fún yín tí a fa ìlà sí. Kí oníkálukú kọ orúkọ oko rẹ̀ sí i, ẹni tí ó gbìn ín, ọdún tí ó gbìn ín, àti àwọn tí ó bá a pààlà. Bí ẹ kò bá mọ ọdún náà, ẹ bi àgbàlagbà ilé yín kí ó tó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ó yá, ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó nawọ́ sókè.